Àárò, Ìdẹwò àti Ẹ̀rí-Ọkàn: Orin Ìfẹ́ Gẹ̀ẹ́sì Àtijọ́ àti Tiwa

Ní gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ni ní yunifásítì, kò sí sáà kan tí akẹ́kọ̀ọ́ kan kò ní sọ ọ́ fún mi, bí kò bá sì sọ ọ́ lẹ́nu, yóò kọ ọ́ sínú iṣẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé òtítọ́ tí kò ní àríyànjiyàn ni: pé Yorùbá kò ní ewì ìfẹ́. Wọ́n á ní a ní oríkì, a ní ìjálá, a ní ẹ̀sà egúngún, a ní ẹsẹ Ifá. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ìrònú obìnrin kò jẹ́ kó sùn, obìnrin tó mọ̀ pé ohun tí ọkàn òun ń fẹ́ kò tọ́, síbẹ̀ tí kò lè gbé ojú kúrò níbẹ̀, wọ́n á ní ọwọ́ Òyìnbó la ti gba ìyẹn, bí a ṣe gba bírẹ́dì àti bàtà. Wọ́n á wá fa Shakespeare yọ, èyí tí wọ́n kà nígbà tí wọ́n ń múra ìdánwò Wáẹ̀kì. Oṣù tó kọjá ni ọ̀kan nínú ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, tó ti di ọ̀gá ilé ìwé báyìí, tún kọ irú rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ó dára. Mo ti fẹ̀yìn tì, mo ti padà sí Ìlá, ọwọ́ mi dilẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Èsì mi kúrú, àlàyé rẹ̀ ló gùn. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ ń mú ewì Gẹ̀ẹ́sì ti nǹkan bí ọdún 1590, wọ́n ń fi wé orin tí ìyá àgbà wọn kọ. Wọn kò wo orin ìfẹ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó dàgbà jùyẹn lọ. Bí wọ́n bá wò ó, wọ́n á rí i pé ohùn inú rẹ̀ sún mọ́ ti obìnrin Ìgbómìnà ju bó ṣe sún mọ́ ti Shakespeare lọ. Ohun tó yí padà láàárín méjèèjì kì í ṣe ìfẹ́. Ibi tí ẹ̀rí-ọkàn ń gbé ló yí padà.

Ìwé kan wà ní kàtídírà ìlú Exeter, ní ìwọ̀ oòrùn gúúsù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n fi ọwọ́ kọ nígbà tí ọ̀rúndún kẹwàá ń parí lọ. Bíṣọ́ọ̀bù Leofric, tó kú ní 1072, ló fi ta ìjọ náà lọ́rẹ. Ẹ má rò pé wọ́n tọ́jú rẹ̀ bí ẹyin o. Ẹnì kan ti fi ọ̀bẹ gé nǹkan lórí rẹ̀ bí ẹni gé ẹran lórí pákó, àmì ìdí ife wà lára rẹ̀, iná sì ti jó àwọn ewé ẹ̀yìn rẹ̀ gba inú kọjá. Àmọ́ ó kù, ó sì wà níbẹ̀ títí dòní. Nínú rẹ̀ ni orin obìnrin méjì wà. A kò mọ ẹni tó kọ wọ́n, gẹ́gẹ́ bí a kò ṣe mọ ẹni tó kọ́kọ́ kọ orin ìyàwó nílẹ̀ wa.

Obìnrin àkọ́kọ́, èyí tí àwọn onímọ̀ sọ orin rẹ̀ ní ‘Ẹkún Aya’, ní ọkọ òun ti kọjá omi lọ. Àwọn ẹbí ọkọ gbìmọ̀ láti ya wọ́n nípa. Wọ́n ní kó máa gbé abẹ́ igi óákù kan, nínú ihò ilẹ̀. Ibẹ̀ ló ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́, tó ń sunkún, tó ń rántí pé àwọn olólùfẹ́ mìíràn wà lórí ibùsùn pọ̀ ní àkókò tí òun nìkan ń rìn kiri lábẹ́ igi. Ó ní orúkọ kan fún ìrora yìí, *uhtcearu*. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni àníyàn tó máa ń dé báni lápá ìparí òru, kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà nínú yín mọ wákàtí tó ń sọ.

Obìnrin kejì, inú ìlà mọ́kàndínlógún péré ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà. Erékùṣù kan ló wà, ọkùnrin tí ọkàn rẹ̀ ń fẹ́, tó ń pè ní Wulf, wà lórí òmíràn. Nígbà òjò, bó ṣe jókòó tó ń sunkún, akíkanjú ọkùnrin kan fi apá gbá a mọ́ra. Ó ní adùn ni fún òun, ìrora náà sì ni. Àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn tipẹ́tipẹ́ lórí èwo ni ọkọ, èwo ni àlè. Lójú tèmi, bí àríyànjiyàn náà kò ṣe parí yẹn gan-an ni ọgbọ́n orin náà. Kò sí ìlà kan níbẹ̀ tí obìnrin yìí ti bi ara rẹ̀ pé, ‘Ṣé mo ti ṣẹ̀?’ Ohun tó dé bá a ló ń sọ.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin tí mo kọ́ ní gírámà jókòó dáadáa. Nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ yẹn, ọ̀rọ̀-ìṣe tó dúró fún àárò ni *longian*. Ẹni tí àárò ń ṣe kì í ṣe olùwà gbólóhùn rẹ̀, àbọ̀ ló jẹ́. Wọn kì í sọ bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì òde òní ṣe ń sọ, pé ‘èmi’ ni mo ń ṣe é. Ó ń ṣe mí ni wọ́n ń wí. Bákan náà ni ebi, bákan náà ni òùngbẹ, bákan náà ni ìtìjú, bákan náà sì ni àbámọ̀: gbogbo wọn ń ti ìta wá bá èèyàn ni, tí wọ́n á sì mú un. Ẹ wá wo tiwa. Àárò rẹ ń sọ mí. Ebi ń pa mí. Òùngbẹ ń gbẹ mí. Ojú ń tì mí. Àánú rẹ ṣe mí. Èwo ni ‘mo’ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùwà? Kò sí. Mo ti fi àpẹẹrẹ yìí kọ́ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, ìgbàkigbà tí mo bá kọ ọ́ sára pátákó, kíláàsì á kọ́kọ́ dákẹ́, lẹ́yìn náà ni ariwo á bẹ̀rẹ̀.

Láti nǹkan bí ọ̀rúndún kẹtàlá títí dé ìkẹrìndínlógún ni irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ń kú díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Èèyàn tó jẹ́ àbọ̀ di olùwà. N kò sọ pé gírámà ló bí ẹ̀rí-ọkàn o, kí ẹnikẹ́ni má lọ fi orúkọ mi parọ́. Ṣùgbọ́n bí àárò bá jẹ́ ohun tó ń mú mi, kò sẹ́ni tó lè bi mí ìdí tí ó fi mú mi, àfi kó bá mi kẹ́dùn. Bí ó bá jẹ́ èmi ni mò ń ṣe é, a lè pè mí lẹ́jọ́.

Ìtàn agbègbè wa kún fún àárò. Ní 1900 tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì pín ilẹ̀ yìí sí Àríwá àti Gúúsù, wọ́n fa ààlà gba àárín Ìgbómìnà: Òmù-Àrán, Àjàṣẹ́-Ìpo àti àwọn púpọ̀ lọ sí ọ̀hún, Ìlá, Ọ̀kè-Ìlá àti Ọrà kù síbí. Ààlà kò dá ìgbéyàwó dúró, ṣùgbọ́n ó sọ ilé ìyàwó di ilẹ̀ ìjọba mìíràn. Ní 1907 rélùwéè dé Òṣogbo, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a lọ. Ọ̀pọ̀ láti agbègbè Ọ̀ṣun lọ ṣòwò ní Gọ̀ọ́lù Kóòsì, àwọn kan jókòó síbẹ̀ títí ìjọba Busia fi lé wọn ní ìparí ọdún 1969. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ kọjá omi, tó wà láàárín ẹbí ọkọ tí kò fẹ́ràn rẹ̀, kò pọn dandan kó lọ sí Exeter kó tó mọ ‘Ẹkún Aya’.

Ìyá tó bí bàbá mi kò ka ìwé kankan. Wọ́n ti fi í fún bàbá àgbà, tó jẹ́ ẹlẹ́mu, láti kékeré. Ó bí ọmọ méje fún un, ó sì tọ́jú rẹ̀ títí ó fi kú. Láàárín ọdún 1970 sí 1980, mo gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ wálé fún iṣẹ́ ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé mi. Ọ̀rọ̀-ìṣe ni mò ń wá, ìyá kò sì ní sùúrù fún ọ̀rọ̀-ìṣe. Mo bá fi àwàdà bi í léèrè pé, ‘Ìyá, ṣé ọkàn ẹ̀yin náà ti fà sí ẹnì kan rí, kó tó di pé ẹ délé bàbá?’ Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n pa ẹ̀rọ yẹn ná. Mo pa á. Nítorí náà kò sí lórí téèpù.

Ó ní ọkùnrin kan wà, tó lọ sí Gọ̀ọ́lù Kóòsì. Lẹ́ẹ̀kan lọ́dún ló máa ń wálé, lásìkò ọdún egúngún. Ní gbogbo ọjọ́ tó bá fi wà nílé, ìyá kì í gba ojú ọ̀nà lọ pọnmi, ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ jìn, ó sì ń yọ̀. Mo ní, ‘Ṣé bàbá ń ṣọ́ yín ni?’ Ó ní, ‘Àkànní, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ mi. Ojú ń tì mí ni.’ Mo ní ojú ta? Ó ní, ‘Ojú àwọn ọmọ mi. Ojú ìyáálé mi. Orí mi náà ń wò mí.’ Lẹ́yìn náà ló ní kí n tan ẹ̀rọ mi, kí n máa bá ìbéèrè ìwé mi lọ.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó lò. Àárò ń sọ ọ́, ojú ń tì í. Ohun méjì tó ń ti ìta bọ̀, wọ́n pàdé lára obìnrin kan lójú ọ̀nà odò. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ kò dákẹ́ o, ó ní ojú púpọ̀ ni: ojú ọmọ, ojú orogún, ojú orí. Àwọn tó ń sọ pé ẹ̀rù òde nìkan ló ń pa Yorùbá mọ́, pé mágùn ni kò jẹ́ kí aya elòmíì ṣe ìṣekúṣe, kò tíì gbọ́ ọ̀rọ̀ irú ìyá bẹ́ẹ̀. Mágùn wà lẹ́nu àwọn ọkùnrin, tí wọ́n fi ń dẹ́rù ba ara wọn. Ìyá kò dárúkọ rẹ̀ rárá.

Wọ́n á tún ní ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò pọ̀ lédè wa, pé ‘fẹ́’ kan náà la ń lò fún fífẹ́ iṣu, fífẹ́ owó àti fífẹ́ ìyàwó. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ lọ wo oríkì àbísọ tí a fi ń pe ọmọbìnrin láti ọjọ́ tí a ti bí i. Àbẹ̀kẹ́, ẹni tí a bẹ̀ kí a tó rí i kẹ́. Àṣàkẹ́, ẹni tí a ṣà láàárín ọ̀pọ̀ láti kẹ́. Àjọkẹ́, ẹni tí gbogbo wa jọ ń kẹ́. Àdùkẹ́, ẹni tí a ń du ara wa lówó láti kẹ́. Sílébù mẹ́ta péré, gbogbo ìfẹ́, ìlara àti ìbẹ̀rù pípàdánù ti wà níbẹ̀. Bí ọkọ bá pe ìyàwó rẹ̀ ní Àdùkẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, kí ni ewì ìlà mẹ́rìnlá tún fẹ́ ṣe?

Kò sì tán síbẹ̀. Bí a bá fẹ́ sọ pé ohun kan ti kọjá ààlà, a ó pe ọ̀rọ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, a ó ki sílébù kékeré kan bọ àárín rẹ̀: ìjẹkújẹ, ìsọkúsọ, ìwàkiwà, ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́. Ìfẹ́ àti ìfẹ́kúfẹ̀ẹ́, ohun kan náà ni wọ́n láti ìdí. Ìdájọ́ ni sílébù àárín yẹn. Mo mọ èdè mélòó kan díẹ̀díẹ̀, n kò tíì rí èyí tó fi ìdájọ́ sínú àpètúnpè lọ́nà tó rọrùn tó báyìí.

Tí ẹ bá wá fẹ́ gbọ́ ohùn obìnrin fúnra rẹ̀ ní gbangba, ìlú tí kò jìnnà sí wa ni kí ẹ lọ. Karin Barber, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó gbé Òkukù láàárín ọdún 1970 sí 1980, tó sì gbọ́ Yorùbá ju ọ̀pọ̀ ọmọ wa lọ, kọ ìwé ńlá kan tó jáde ní 1991 lórí oríkì àti àwọn obìnrin ìlú náà. Rárà ìyàwó wà nínú ohun tó gbà sílẹ̀. Ní Ọ̀yọ́ àti Ìṣẹ́yìn, ẹkún ìyàwó ni wọ́n ń pè é. Kí ọmọbìnrin tó lọ sílé ọkọ, yóò bọ́ síta pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, yóò máa sun rárà káàkiri. Ó ń dágbére fún ìyá, ó ń tọrọ àdúrà lọ́wọ́ bàbá, ó ń ki orírun rẹ̀, ó ń fi ẹwà rẹ̀ yangàn, ó ń sọ pé òun pa ara òun mọ́ títí di ọjọ́ òní, ó sì ń jẹ́wọ́ pé ẹ̀rù ilé ọkọ ń ba òun.

Ìdí tí mo fi ka rárà yìí mọ́ ewì ìfẹ́ ni pé ibẹ̀ nìkan ni àwùjọ ti yọ̀ǹda fún ọmọbìnrin kan láti dúró láàárín ìlú kó máa sọ ‘èmi, èmi, èmi’. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fún un. Bó bá ti dé ilé ọkọ, oríkì ilé ọkọ ni yóò máa kì, gbogbo ọmọ ilé, títí kan ọmọ àná tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn, ọkọ rẹ̀ ni wọ́n. Ó ń sunkún, àmọ́ kò kọ̀. Ó ń lọ, àmọ́ ó jẹ́ kí gbogbo ayé mọ iye tó ná òun. Ẹni tó bá ní kò sí ìdẹwò, àárò àti ẹ̀rí-ọkàn nínú ìyẹn, ẹ jọ̀wọ́, kó tún etí rẹ̀ ṣe.

Ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ọ̀rọ̀ tiwọn náà kò dúró síbi igi óákù. Ọwọ́ àwọn àlùfáà ni kálàmù wà. Ìwé àfọwọ́kọ kan wà tó ti di ti ilé ìkàwé ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní Harley 2253, tí akọ̀wé kan ní agbègbè Ludlow kọ ní nǹkan bí ọdún 1340. Orin ìfẹ́ obìnrin àti orin ìfẹ́ Jésù wà nínú rẹ̀ ní àdàlù. Orin méjì tilẹ̀ tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀ tí wọ́n jọra bí ìbejì: ìbẹ̀rẹ̀ kan náà, ìrìn kan náà. Ọ̀kan ń sọ ìfẹ́ Kristi, èkejì ń sọ ìfẹ́ obìnrin. Ní Kilkenny ní Ireland, ní ọ̀rúndún kan náà, Bíṣọ́ọ̀bù Richard Ledrede kọ ọgọ́ta orin ní èdè Látìn fún àwọn àlùfáà rẹ̀, kí wọ́n má bàa fi orin ayé ba ẹnu wọn jẹ́. Ohùn orin ayé yẹn gan-an ló sì ní kí wọ́n fi kọ àwọn kan nínú wọn! Ó mọ̀ pé ohùn náà ti wọ̀ wọ́n lára, kò sí bí yóò ṣe yọ ọ́.

Àwa náà ṣe irú rẹ̀. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, bàbá àgbà Fẹlá, fi ohùn orin ìbílẹ̀ kọ orin ìjọ títí òkìkí rẹ̀ fi kàn, ní 1922 ó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, ilé iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sórí àwo. Tí ohùn orin bá dùn, ayé àti ọ̀run ni yóò jọ máa jà lé e lórí.

Ọdún 1340 tí mo dárúkọ yẹn kan náà ni ẹlẹ́sìn kan ní Canterbury, Dan Michel, parí ìtumọ̀ ìwé kan láti èdè Faransé, tó sọ ní *Ayenbite of Inwyt*. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ bá mi yọ̀. Ìmọ̀ inú ni *inwit*. Ọ̀rọ̀ tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń lò fún ẹ̀rí-ọkàn nìyẹn kí ọ̀rọ̀ Látìn tó gba ipò rẹ̀. *Ayenbite* ńkọ́? Ìbùjẹ lẹ́ẹ̀kejì ni, ohun tó ń padà wá gé ọ jẹ lẹ́yìn tí o ti ṣe é tán. Ọ̀rọ̀ Látìn tó wá gba ipò *inwit*, ìtumọ̀ rẹ̀ ni kí ẹnì kan bá ọ mọ ohun tí o ṣe. Àwọn kan ti bi mí bóyá ohun kan náà ni pẹ̀lú ‘àbámọ̀’ tiwa, nítorí ‘bá’ tó wà níbẹ̀. Rárá o. ‘Bá’ inú àbámọ̀ ni ti ‘ì bá ṣe pé’, kì í ṣe ti ‘bá mi lọ’. Àbámọ̀ ni ‘à bá ti mọ̀’. Látìn ń sọ pé ẹnì kan bá wa mọ̀ ọ́n, àwa ń sọ pé a kò tètè mọ̀ ọ́n.

Nígbà tó fi máa di ìgbà Sidney, ìjà náà ti wọ inú ilé pátápátá. Sir Philip Sidney kú ní 1586 nípa ọgbẹ́ ogun; ewì rẹ̀, *Astrophil and Stella*, tó ní ewì ìlà mẹ́rìnlá tó jẹ́ 108, jáde lórí ìwé ní 1591. Ọ̀pọ̀ gbà pé Penelope Devereux ni Stella, obìnrin tó di aya Lord Rich ní 1581. Aya ẹlòmíì ni ọkùnrin yìí ń kọrin sí. Ọgbọ́n orí ń sọ fún un pé kò dára, ọkàn ní kó dákẹ́, ìwà rere ń bá ìfẹ́ ara jiyàn, gbogbo wọn sì wà nínú àgbárí ẹnì kan ṣoṣo. Ìyáálé kò sí níbẹ̀, ọmọ kò sí níbẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ kò tẹ̀ lé e ká ìlú. Òun ni olùjẹ́jọ́, òun ni ẹlẹ́rìí, òun náà ni adájọ́. Kò sì yani lẹ́nu pé ẹjọ́ náà kì í fi bẹ́ẹ̀ le. Ó dùn láti kà, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n èyí ni wọ́n ní kó jẹ́ òṣùwọ̀n ìfẹ́ fún gbogbo ayé.

Báwo ni ẹjọ́ inú yẹn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa? Nínú Bíbélì ló ti wá. Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ìtumọ̀ ìwé Róòmù tẹ̀lé e ní 1850, odindi Bíbélì sì parí ní àárín ọdún 1880 sí 1890. Ìwé Róòmù yẹn gan-an ni Pọ́ọ̀lù ti sọ̀rọ̀ nípa ọkàn tó ń jẹ́rìí sí ènìyàn. ‘Ẹ̀rí-ọkàn’ tó wà nínú Bíbélì wa jẹ́ ọ̀rọ̀ tó gún régé, mo máa ń gbóríyìn fún iṣẹ́ náà. Ẹ̀rí ni ohun tí a ń jẹ́ níwájú ìgbìmọ̀ àti níwájú ọba. Wọ́n mú un kúrò ní ààfin, wọ́n gbé e sínú àyà. Ìdẹwò náà ńkọ́? ‘Dẹ’ tí ọdẹ fi ń dẹ pàkúté ló wà níbẹ̀: a dẹ ẹ́, a ń wò ó bóyá yóò kó sí i. Kejì rẹ̀ ni ìdánwò, tí ẹ̀yin mọ̀ dáadáa, nítorí mo ti fún púpọ̀ nínú yín ní tiyín, àwọn kan sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì.

Ìjọba náà fi òfin tì í. Ní 1884, òfin ìgbéyàwó tuntun bẹ̀rẹ̀ ní Èkó: ọkọ kan, aya kan. Kristin Mann ti kọ ìwé tó dára lórí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe dà rú mọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé Èkó lọ́wọ́, tí àwọn ọkùnrin ń ṣe ìgbéyàwó ṣọ́ọ̀ṣì ní iwájú, tí wọ́n sì ní ilé mìíràn lẹ́yìn.

Inú Èkó yẹn ni ìwé tí mo kà sí àkọ́kọ́ nínú irú rẹ̀ lédè wa ti jáde. Láti oṣù keje 1929 títí di oṣù kẹta 1930 ni I. B. Thomas ń tẹ lẹ́tà obìnrin kan sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, *Akéde Èkó*. Sẹ̀gilọlá ni obìnrin náà ń jẹ́, ẹlẹ́yinjú ẹgẹ́. Ó ń ṣàìsàn, ó ti tòṣì, ó ń sọ bí òun ṣe fi ẹwà mú ọkùnrin nígbà ayé òun. Thomas ló dá a, ṣùgbọ́n àwọn òǹkàwé gbà á bí ẹni tó ń mí. Ó ń sunkún, ó ń ronú pìwà dà, ó ń kìlọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́. Àfi kí ẹ kà á dáadáa. Bó bá ti dé orí ìgbà tí ayé ń dùn, orin ìgbà yẹn á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lẹ́nu rẹ̀ láàárín ẹkún, ẹ ó sì rí i pé inú rẹ̀ ṣì ń dùn sí i. Orin ìjọ ń bẹ nítòsí, orin ijó náà ń bẹ. Ìwé Ludlow ti 1340 tún nìyẹn, lójú títì Èkó.

Sẹ̀gilọlá kò dà bí Sidney síbẹ̀. Ẹ̀rí-ọkàn rẹ̀ ti wọlé sínú àyà bí Bíbélì ṣe kọ́ ọ, àmọ́ kò lè jẹ́ ẹ̀rí náà ní òun nìkan. Ó ní láti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn, kí gbogbo Èkó gbọ́. Ó ń rìn káàkiri ìlú pẹ̀lú ẹkún rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó Òkukù, yàtọ̀ sí pé kò sí ẹgbẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ mọ́. Barber yìí kan náà ló tún ìwé náà tẹ̀ ní 2012, pẹ̀lú ìtumọ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ wá a kà, pàápàá jùlọ ẹ̀yin tí ẹ ní Yorùbá kò ní ìwé ìfẹ́.

Níbí ní Ìlá, n kò gbọ́ ẹkún ìyàwó mọ́. Bí ẹ bá lọ síbi ìdána lónìí, alága ìjókòó àti alága ìdúró ló gba màíkì, wọ́n sì mọ iṣẹ́ wọn, wọ́n á kọrin, wọ́n á yẹ̀yẹ́, wọ́n á gbowó. Lẹ́tà ìtọrọ ọmọ á jáde, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sábà máa ń fi kọ ọ́, wọ́n á fi rìbọ́ọ̀nù dè é. Wọ́n á bo ìyàwó lójú wọlé, yóò kúnlẹ̀ gba àdúrà, bóyá ni ẹ ó gbọ́ gbólóhùn mẹ́ta lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni alága á mú un lọ síwájú ẹrù ìdána, pé kó mú ẹyọ ohun kan tó wù ú jù. Iṣu wà níbẹ̀, oyin, obì, àpótí aṣọ, nígbà mìíràn àpòòwé owó. Alága á máa pè é, á máa tàn án: ‘Ṣé aṣọ ni? Wo gèlè yìí!’ Àwọn èèyàn á máa rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà á rìn yí ẹrù ká díẹ̀, bí ẹni tí kò tíì mọ èyí tó fẹ́, lẹ́yìn náà á nawọ́ mú Bíbélì, tàbí Kùránì ní ilé àwọn Mùsùlùmí, òrùka á sì wà nínú rìbọ́ọ̀nù tí wọ́n so mọ́ ọn. Gbogbo ilé á pariwo. Mo jókòó ti obìnrin àgbàlagbà kan níbi ọ̀kan lọ́dún tó kọjá, ó yí sí mi, ó ní, ‘Wọ́n ti dán an wò, ó yege. Ta ló wá gbọ́ ohun tó ní lọ́kàn?’ Oúnjẹ dé, a sì jẹun.